Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá tẹ ìwé ìtàn yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ìwé ìtàn fúnra yín n'Ìbàdàn, tẹ́ ò ní ilé-iṣẹ́ kankan tó ń bá yín náwó sí i, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń bi mí pé ibo ni mo ti ń tẹ ìwé mi nínú ọ̀wọ́n gógó yìí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ síta torí àwọn èèyàn náà ń ṣe é dáadáa.

Mọ́kọ́lá ni wọ́n wà, láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú. Ibẹ̀ há, kò síbi téèyàn máa páàkì mọ́tò sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ra yín. Ẹ fara dà á.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ni pé wọn kì í fipá mú èèyàn tẹ ìwé púpọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé tó bá jẹ́ mẹ́ṣìn ọfúsẹ́ẹ̀tì, pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ya ojú ìwé sí, ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, owó pléètì yẹn ò sì yí padà bóyá ìwé 100 lẹ fẹ́ àbí 1,000, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ atẹ̀wé ní kẹ́ ẹ tẹ 1,000 kówó ẹyọ kan lè wálẹ̀, ilé yín á wá kún fún páálí ìwé, gbogbo owó yín á há síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní mẹ́ṣìn dígítà tí kì í lo pléètì fún iṣẹ́ kékeré, ẹ lè tẹ 50, kẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ padà wá tẹ òmíràn. Ẹyọ kan á wọ́n díẹ̀ ju ti ọfúsẹ́ẹ̀tì lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó rí oorun sùn.

Pépà gan-an ni wàhálà. Ìjọba kọ́ ilé-iṣẹ́ pépà sí Jẹ́bà, sí Ìwópìn, sí Òkú-Ìbòkú láyé ọjọ́un, àmọ́ òkè òkun la ti ń ra èyí tá a fi ń tẹ̀wé báyìí, dọ́là ló sì ń darí ẹ̀. Kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023 pé kí ọjà máa dá iye ẹ̀, bíi 460 náírà ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba, ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní May 2023, iná gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń kú lẹ́ẹ̀kan náà ní 2024, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Atẹ̀wé wo ló máa dá iye kan fún yín tí ò ní yí i padà?

Ohun tí ọ̀gá ibẹ̀ wá ń ṣe nìyí. Iye tí wọ́n bá dá fún yín, ọ̀sẹ̀ kan péré ló ń lò, wọ́n á sì sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Àmọ́ tówó pépà bá ti wà lọ́wọ́ yín, kódà kí ìwé náà má tíì parí, wọ́n á gbà á, wọ́n á ra pépà lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n á kọ orúkọ yín sí i lára, wọ́n á gbé e sí kọ̀rọ̀ dè yín. Pépà mi ti wà níbẹ̀ nígbà tí orí tó kẹ́yìn nínú ìtàn mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi balẹ̀, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́, mi ò sáré parí ẹ̀ torí kówó má baà gun òkè. Ẹni tó bá ń kọ̀wé mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ jókòó ti ìtàn, ẹ gbọ́ pé gáàsì tún ti lé, àwọn tó máa ń ra ìwé lọ́wọ́ yín ń gbọ́ bùkátà, ìwé ìtàn sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò nínú ohun tí wọ́n fẹ́ rà, ọwọ́ á kàn rọ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Jẹ́ríkò, ìwé iléèwé ló ń gbé wọn ró, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n tàwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń to ojú ewé níbẹ̀ máa ń ka ohun tó ń tò. Mo kọ ọ́ sínú ìtàn kan pé obìnrin kan wọ Micra láti Challenge lọ sí Dùgbẹ̀, mo sì dárúkọ owó tó san. Kó tó kan títẹ̀, owó ọkọ̀ ti fò, ló bá pè mí, "Àǹtí, ṣé ká tún owó ọkọ̀ yìí ṣe? Kò sẹ́ni tó ń gbé èèyàn níye yẹn mọ́ o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó fi sílẹ̀, torí mo fẹ́ kí ẹni tó máa kà á lọ́jọ́ iwájú mọ iye tá a fi ń dé Dùgbẹ̀ kí nǹkan tó dà báyìí. Mélòó nínú àwọn atẹ̀wé ló máa rí i?

Àmì ohùn ńkọ́? Mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀ pátápátá. Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ ò ní ẹyọ tiẹ̀ lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé àmì ohùn lé ẹ àti ọ lórí, fọ́ọ̀ntì, ìyẹn irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà, tí ò bá mọ̀ ọ́n tò á gbé àmì yẹn jù síbòmíràn, tàbí kó di àpótí kékeré sójú ewé. Ṣọ́ọ̀bù kan tí mo lò tẹ́lẹ̀ ba odindi ìwé jẹ́ fún mi báyìí. Àwọn ti Mọ́kọ́lá ní Charis SIL àti Noto Serif, fọ́ọ̀ntì méjì tó mọ àmì wa tò, lórí ẹ̀rọ wọn, PDF tí fọ́ọ̀ntì wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á sì tẹ ẹyọ kan fún yín kẹ́ ẹ kà á kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Ibi tó kù sí ni gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ìwé náà sínú mọ́tò lóòrùn, ewé àárín á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ẹ ní kí wọ́n fi òwú rán an tẹ́ ẹ bá lè san án. Àwọ̀ èèpo ẹ̀yìn náà máa ń dúdú ju bẹ́ ẹ ṣe rí i lórí fóònù lọ. Wọn kì í tètè gbé ìpè. Wọn ò sì ń báni gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, National Library ni kẹ́ ẹ lọ fúnra yín, kẹ́ ẹ má sì gbàgbé pé òfin ní kẹ́ ẹ fún wọn ní ẹ̀dà 3 tí ìwé bá jáde.

Ẹ lọ ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè. Láti Wẹ́sìdeè lọ, ìwé ètò ìsìnkú ló máa ń gba gbogbo mẹ́ṣìn.