Ìkìlọ̀: brainbox Honda tí wọ́n ní chip wà nínú rẹ̀, stíkà lásán ni wọ́n tà fún mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún Honda àtijọ́ ṣe ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, ojú ló ń tì mí ni mi ò fi tíì sọ ọ́. ₦185,000 ni mo san lórí brainbox, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnì. Ẹ́ńjìnì mi ti bàjẹ́. Ẹni tó gbowó ti bulọ́ọ̀kù mi.

Civic 1994 ni mọ́tò mi, ẹ́ńjìnì D16Z6 ló wà nínú rẹ̀. A ti fá top cylinder rẹ̀ kí kọ̀ǹpíréṣọ̀n lè ga sí i, mo ti pààrọ̀ camshaft, mo sì ti fi sàlẹ́ńsà tó fẹ̀ sí i. Timing ló kù, ìyẹn àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná. Plọ́ọ̀gì kì í dúró kí piston dé òkè kó tó ṣáná, díẹ̀ ṣáájú ló ń ṣáná, torí epo kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kọ̀ǹpíréṣọ̀n bá wá ga, epo á tètè jó, tí iná bá sì yá jù, agbára rẹ̀ á máa ti piston padà nígbà tó ṣì ń gòkè bọ̀. Chip tòótọ́ ló máa ń tún ìyẹn ṣe nínú brainbox, gẹ́gẹ́ bí eré tí ẹ́ńjìnì ń sá àti ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Mo mọ gbogbo èyí. Ẹ má sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan kan. Mo mọ̀ ọ́n, wọ́n sì tún rẹ́ mi jẹ.

Lẹ́yìn Ladipo, ní Mushin, ni ọmọkùnrin náà wà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó fi àwòrán gíráàfù agbára ẹ́ńjìnì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní mọ́tò tí òun ṣe lóṣù tó kọjá nìyẹn. Ó gbé brainbox P28 jáde, stíkà pupa wà lórí rẹ̀, wọ́n kọ "Stage 2" sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó kàn máa fò lórí Third Mainland ni." Ó gbé laptop sórí àga iwájú, ó na wáyà kan wọ abẹ́ dashboard, àwọn lẹ́tà aláwọ̀ ewé wá ń sáré lójú laptop. Ẹ gbọ́ o: Civic 1994 kò ní ihò tí wọ́n ń ki irú wáyà yẹn bọ̀! Orí kápẹ́ẹ̀tì ni ẹnu wáyà náà wà. Mo jókòó tì í, mo ń mi orí bí ẹni tó rí nǹkan.

Lẹ́yìn náà ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi spánà 12 tú àwọn bóòtù distributor, ohun tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì, ó yí i síwájú, ó tún un dè. Mo béèrè o. Mo ní, "Ṣebí brainbox ló ń ṣe timing, kí lo tún ń yí distributor fún?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, base timing nìyẹn, gbogbo Honda la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, torí ibi tí wọ́n bá gbé distributor sí ni brainbox ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò timing, òun ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n kò sí timing light, iná tí wọ́n fi ń wo timing, lọ́wọ́ rẹ̀. Etí ló fi ń ṣe é! Mo rí i pé etí ló ń lò, mo sì dákẹ́.

Mọ́tò náà sáré lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Inú mi dùn débi pé mo tún fún un ní ₦5,000 pé kó fi mu nǹkan. Mo fún olè ní owó ẹ̀bùn! Tí mo bá ti rántí ₦5,000 yẹn, oorun kì í kùn mí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, nígbàkígbà tí mo bá tẹ iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan, bí ẹni da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì tó ń mì ín. Mo pè é. Ó ní epo ni, kí n lọ ra epo níbòmíràn. Ilé epo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo lọ. D16Z6 kò ní knock sensor tí yóò gbọ́ ìró yẹn kó sì dín timing kù fúnra rẹ̀, èmi nìkan ló ń gbọ́ ọ, èmi náà sì ń bá a lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá, mo ti kọjá Adékúnlé lórí afárá, mo ń lọ sí Òwòrònṣókí, ni ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èéfín búlúù bo ẹ̀yìn mi.

Wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan ní Lawanson. Wọ́n tú plọ́ọ̀gì kẹta, ibi funfun ẹnu rẹ̀ ti sán, àwọn nǹkan wínníwínní tó ń dán sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n: 190, 185, 60, 190. Bàbá fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì ẹnu wáyà búlúù tó wà lábẹ́ dashboard pọ̀ kí brainbox má bàa yí timing, wọ́n fi timing light há wáyà kìíní, wọ́n tan iná sí pulley. Digiri 16 ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmì pupa. A ò rí àmì pupa rárá. Bàbá ń yí bọ́tìnnì timing light, ó ń yí i, 25 ni timing náà jẹ́. Wọ́n pa iná náà, wọ́n wò mí. "Ta ló ṣe èyí fún ẹ?" Mi ò lè fọhùn.

Rewire tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló tú ìdérí brainbox. Ibi tó yẹ kí chip ẹlẹ́sẹ̀ 28 wà ṣófo. Èyí tó lẹ́sẹ̀ 20 tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà kò sí. Òjé tí wọ́n fi dí àwọn ihò náà láti Jàpáànù ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán, eruku ọdún pípẹ́ bò ó. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí! ₦185,000, stíkà ni mo rà. Ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tún gba ₦620,000, owó àjọ tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ fi san owó ilé.

Ẹ máa wí pé ojúkòkòrò ni. Kì í ṣe ojúkòkòrò, iye tí àwọn tó kù ń gbà náà lòun gbà. Àwọn tó kù náà ńkọ́? Ta ló mọ ohun tó wà nínú tiwọn? Láti Ladipo dé Òwódé Onírin, kò sí èyí tí mo lè fi ọkàn tán mọ́ nínú wọn. Bàbá Lawanson nìkan, àwọn náà kì í ta nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ ra, kí wọ́n tú ìdérí brainbox níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ fojú yín rí chip náà lórí ìjókòó rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní timing light, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan distributor yín. Ìró agolo yẹn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójú ẹsẹ̀, ẹ má kàn gbà pé epo ni.

Mo gbọ́ pé ó ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ṣì ń tà á lórí WhatsApp. Ẹni tó bá ti ra stíkà pupa yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ tú u wò lónìí, kí ẹ tó tún gbé mọ́tò gun afárá.