Láàbù tí Ó Fọ Fọ́tò Ìrìn-Àjò Mi sí Ilẹ̀ Àwọn Maya, ní Àkúrẹ́

Ó ti lé ní ọdún kan tí fọ́tò bíi 1,400 ti wà nínú kọ̀ǹpútà mi, tí n kò sì lè fi wọ́n han ẹni tó bá wá kí mi àfi bí mo bá gbé ẹ̀rọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Mo yà wọ́n nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Mérida, ní Yucatán lórílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, tí àwa méjèèjì sì ti ibẹ̀ wọ Guatemala. Àwókù ìlú àwọn Maya, ìran tó ti ń gbé agbègbè náà láti ayé àtijọ́, ni mo bá lọ, pẹ̀lú igbó kìjikìji tó yí wọn ká àti àwọn ìlú tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kun ilé wọn. Nígbà tí mo wá pinnu láti kọ́ 12 lára fọ́tò náà sára ògiri pálọ̀ mi, láàbù kan níbí ní Àkúrẹ́ ni mo gbé wọn lọ. Mo fẹ́ sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú yìí ni fọ́tò ìrìn-àjò wọn ń jókòó sínú fóònù bákan náà, tí wọn kò mọ ibi tí wọ́n lè gbé e lọ.

Láàbù náà wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ní ojú ọ̀nà kékeré tó yà kúrò ní òpópónà Ọba Adésidà, kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Ọ̀gá obìnrin kan ló ni ín, ó sì ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Kí n tó mú fọ́tò kankan jáde ni mo ti kíyè sí i pé funfun lásán ni wọ́n kun ògiri yàrá iṣẹ́ wọn, àti pé gílóòbù tó wà lókè tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ wò jẹ́ aláwọ̀ funfun, kì í ṣe irú èyí tó ń tàn pupa rúsúrúsú bíi ti ilé oúnjẹ. Ẹni tí kò bá ti fọ fọ́tò ńlá rí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yẹ fọ́tò wò lábẹ́ gílóòbù pupa, tó wá gbé e délé tó kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, yóò rí i pé àwọ̀ tó sanwó fún kọ́ ni ó gbé bọ̀.

Fọ́tò ìlú Izamal ni mo kọ́kọ́ fún wọn. Ìlú kékeré ni, ìlà-oòrùn Mérida ló wà, ilé tó wà láàárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tán, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun gbá etí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní Franciscan kọ́ ilé ìsìn ńlá kan síbẹ̀ tí wọ́n parí ní 1561. Orí pèpéle gíga tí àwọn Maya ti mọ sílẹ̀ ni wọ́n gbé e lé, òkúta tí wọ́n tú kúrò lára iṣẹ́ àwọn Maya ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ya á, nígbà tí oòrùn ti rẹlẹ̀, tí òjìji àwọn òpó sì na gbọọrọ sórí koríko àgbàlá rẹ̀. Àwọ̀ ògiri náà ni gbogbo fọ́tò ọ̀hún gbára lé. Bí àwọ̀ náà bá ṣì, kò sí ohun tó kù láti wò níbẹ̀.

Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde pọ́n bí ọsàn tó ti fẹ́ bàjẹ́. N kò tíì lanu sọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi gbé e kúrò lórí tábìlì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Báwo ni ògiri yìí ṣe rí lójú yín gan-an lọ́jọ́ tí ẹ yà á?”

Mo ní ó rí bíi pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ti sè, kì í ṣe tútù.

“Ó ti yé mi, sà.”

Ó gé ibi ògiri náà nínú fọ́tò sí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, ó dín pupa inú wọn kù ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra, ó tẹ̀ wọ́n, ó sì tò wọ́n sórí tábìlì lábẹ́ iná funfun náà. Ó ní kí n má yára mú, kí inki gbẹ ná, torí àwọ̀ inki tútù àti ti gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. A dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀já kejì ni mo mú. Ó tún odindi fọ́tò náà tẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé fọ́tò lọ sí láàbù, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ máa bi mí léèrè bí ohun tí mo yà ṣe rí lójú mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń pa àwọ̀, inki sì ń pa tirẹ̀ lórí pépà, nítorí náà àwọ̀ kan wà tó máa ń tàn lójú kọ̀ǹpútà tí inki kò lè bá dé ibẹ̀ láéláé. Mo ní irú rẹ̀ kan nínú fọ́tò mi. Ilẹ̀ Yucatán jẹ́ òkúta ẹfun tó ń jẹ́ kí omi òjò rì wọlé, débi pé ní apá àríwá rẹ̀, èèyàn kì í rí odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi ń gbà. Níbi tí òrùlé ihò abẹ́ ilẹ̀ bá ti já, omi náà á hàn síta, òun ni wọ́n ń pè ní cenote, ibẹ̀ sì ni àwọn Maya ti ń pọn omi mu. Mo wọ inú ọ̀kan, oòrùn ọ̀sán gba ojú ihò kan ṣoṣo lókè wọlé bí ọ̀pá, ibi tó sì ti kan omi di àwọ̀ kan tó wà láàárín aró àti ewé tútù. Kí ọ̀gá tó gbowó ló ti sọ fún mi pé òun kò ní parọ́, pé omi náà kò ní tàn lórí pépà tó bí mo ṣe ń wò ó nínú kọ̀ǹpútà. Ó gbà mí nímọ̀ràn pé kí a fi pépà dídán tẹ èyí, kí ó lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kí a sì fi èyí tí kì í dán tẹ àwọn àwókù òkúta. Bó ṣe wí náà ló rí: omi náà dára, kò tàn tó, n kò sì lè pè é ní ẹ̀tàn, torí ó ti sọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n fọ́tò Tikal ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù. Inú igbó Petén ní Guatemala ni Tikal, ìlú àwọn Maya àtijọ́, wà. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 1979, nítorí àwókù ìlú náà àti nítorí igbó tó bò ó pẹ̀lú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí àbúrò mi àti èmi fi gun àtẹ̀gùn onígi lọ sí òkè Tẹ́ḿpìlì Kẹrin. A jókòó sínú òkùnkùn, a ń gbọ́ irú ọ̀bọ kan tó ń bú bíi kìnnìún láti inú igi. Omi tín-ín-rín ti bo ojú lẹ́ńsì mi, torí mo gbé kámẹ́rà jáde tààrà láti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ bọ́ sínú ooru igbó, mo sì ní láti ní sùúrù títí ó fi gbẹ fúnra rẹ̀. (Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú kí n tó ṣí i.) Nígbà tí ojú ọjọ́ là, kùrukùru funfun ti tẹ́ sórí igbó lọ títí ojú kò fi rí òpin rẹ̀, àfi ṣóńṣó orí tẹ́ḿpìlì mẹ́ta tó yọ jáde nínú rẹ̀, bí orí àwọn tó ń wẹ̀ lódò.

Ní láàbù, ọmọ iṣẹ́ kan ti ṣí fọ́tò yìí, ó sì ti ń fi kọ̀ǹpútà yọ kùrukùru náà kúrò. Ẹ̀bi kámẹ́rà ni ó pè é. Igi ti dúdú kirikiri, tẹ́ḿpìlì sì ti hàn ketekete, bíi pé ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Mo pariwo. Ọ̀gá dìde wá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo èmi náà.

“Ṣé kùrukùru àárọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n?”

Mo ní òun ni.

“Dá a padà bó ṣe wà,” ni ó sọ fún ọmọ náà. “Ṣé o ò tíì gun Òkè Ìdànrè láàárọ̀ rí ni?”

Ọmọ Ìdànrè ni ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn ní kùtùkùtù, tó dúró nítòsí ààfin Ọwá àtijọ́ tó wo bí kùrukùru ṣe ń fà kúrò láàárín àwọn àpáta, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Tikal fún un. Ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ sórí òkè ni tiwọn náà, ó sì ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO láti 2007. Nígbà tí fọ́tò náà jáde, mo gbé e sún mọ́ ojú. Funfun kùrukùru náà kò di pépà lásán; ewé orí igi kọ̀ọ̀kan ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ohun tí èèyàn ń wò láti ẹ̀yìn àwọ̀n. Nítorí fọ́tò yìí nìkan, n óò padà sọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó dùn mí gan-an ni ti Chichén Itzá, àwókù ìlú Maya mìíràn ní Yucatán. Fọ́tò tẹ́ḿpìlì Kukulkán ni, èyí tí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ní àtẹ̀gùn 91-91, tí ìpele tó kẹ́yìn lókè sì mú gbogbo rẹ̀ di 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Kò sí ẹni tí wọ́n ń jẹ́ kó gun un mọ́, nítorí náà ilẹ̀ ni mo ti yà á, láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn tó kọjú sí àríwá ni orí ejò olókùúta méjì wà, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Òrìṣà àwọn Maya ni Kukulkán fúnra rẹ̀, ejò tó ní ìyẹ́ lára bí ẹyẹ, ọmọ Yorùbá tó bá sì dúró níbẹ̀ yóò rántí Òṣùmàrè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀kan nínú orí ejò náà sí etí òsì fọ́tò, kí ojú lè ti ibẹ̀ gòkè. Nígbà tí mo dé láti gba iṣẹ́, kò sí orí ejò mọ́. Férémù 16 sí 20 íǹṣì, ìyẹn ìbú sí gígùn, ni wọ́n ní nílẹ̀, fọ́tò mi sì jẹ́ irú èyí tó ń fẹ́ 16 sí 24. Wọ́n gé íǹṣì méjì kúrò lápá ọ̀tún àti méjì lápá òsì, wọn kò sì pè mí. Ọ̀gá bẹ̀ mí, ó sì tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì owó pépà ni mo san, èyí tí n kò gbà pé ó tọ́, torí ẹ̀bi mi kọ́. Ẹ kọ ìwọ̀n tí ẹ ń fẹ́ sára pépà kí ẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ ketekete pé wọn kò gbọdọ̀ gé ohunkóhun. Kámẹ́rà mi ń ya fọ́tò tó jẹ́ 6000 sí 4000 píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ tíntìntín tó para pọ̀ di fọ́tò. Bí a bá fi tẹ 24 sí 16 íǹṣì, 250 ni yóò bọ́ sínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì tó fún ohun tí à ń wò lára ògiri. Fọ́tò tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ kì í sábà lè ṣe irú rẹ̀, torí WhatsApp sábà máa ń fún un pọ̀ kó tó dé.

Férémù wọn le, igi gidi ni. Wọ́n máa ń fi páálí funfun nípọn sí àárín fọ́tò àti gíláàsì, kí fọ́tò má baà lẹ̀ mọ́ gíláàsì nígbà òjò, ohun tí mo ti rí tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò ìgbéyàwó àwọn òbí mi. Gíláàsì náà ń tan ìmọ́lẹ̀ padà jù, wọn kò sì ní irú èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri tí kò kọjú sí fèrèsé ni kí ẹ kọ́ wọn sí.

Ní ti owó, ₦32,000 ni wọ́n gbà lórí fọ́tò 16 sí 24 kan pẹ̀lú férémù, ₦21,000 sì ni 12 sí 18. Mẹ́rin ńlá àti mẹ́jọ kékeré, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦296,000, láìka èyí tí mo san lórí fọ́tò tí wọ́n gé. Kò pọ́n mi lójú láti san án. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó gbà, torí iná kì í dúró, ọ̀gá kò sì fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ tẹ fọ́tò ńlá kí iná má baà já láàárín iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí ọjọ́ bá yẹ̀, ó pè mí.

Tikal ló wà láàárín ògiri mi báyìí. Mo fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún fọ́tò Ìdànrè kan tí mo fẹ́ lọ yà nígbà ọyẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún gbé fọ́tò mẹ́rin tí mo yà ní ìlú Antigua Guatemala lọ bá wọn, ọ̀kan nínú wọn ni ti ẹnu ọ̀nà oníyeyè Santa Catalina tí òkè Agua dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo kọ “16 sí 24, ẹ má gé e” sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ìwé iṣẹ́ náà, ọ̀gá sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ lójú mi.