Ọmọdé tó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá: ká gba béèlì rẹ̀ ni, àbí ká wọ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni, a kò sì gbọdọ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007.

Bí ẹ bá sáré lọ gba béèlì ọmọ kan, ó lè sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun ńlá nìyẹn. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Bí kò bá sí, kí òbí rẹ̀ lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Ẹ ka ọjọ́ orí tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ dáadáa: bí wọ́n bá kọ 19 dípò 16, kóòtù àgbàlagbà ni wọ́n ń gbé e lọ, kì í ṣe kóòtù ìdílé tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé. Ẹ má sanwó o, ọ̀fẹ́ ni béèlì. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ọmọ mìíràn ti lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá yẹn.

Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀. Owó oṣooṣù tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá ló ń jẹ́ kí lọ́yà lè padà wá nígbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú lẹ́ẹ̀karùn-ún. Kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè ìṣirò owó ọdún tó kọjá. Àwa á ní kẹ́ ẹ wọ ẹgbẹ́, àfi bí ọmọ tẹ́ ẹ mọ̀ bá wà látìmọ́lé lálẹ́ òní.