Kílíníìkì tí wọ́n ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ n'Íléṣà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kílíníìkì kékeré kan wà ládùúgbò Ìsọ̀kùn n'Íléṣà níbí, ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀. Bípí màámi ò lọ sílẹ̀, ibi tá a ń lọ tẹ́lẹ̀ wọ́n kàn ń foògùn kún oògùn ni.

Dókítà tibí ò jókòó sẹ́yìn tábìlì o. Ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ màámi, ó ní kí wọ́n fẹ̀yìn tì, kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọn bípí, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá bẹ̀rẹ̀: màámi, ta lẹ̀ ń bá gbé, ṣé ẹ̀ ń róorun sùn, àgbo wo lẹ̀ ń mu? Kò fi ohùn ìbáwí bi wọ́n, ni màámi bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, pé látìgbà tí bàámi ti kú àwọn kì í sùn bọ̀rọ̀, pé amlodipine, oògùn bípí tó yẹ káwọn lò lójoojúmọ́, ọjọ́ kan wọ́n á lò ó, ọjọ́ kejì wọ́n á fò ó, kó má baà tètè tán torí owó. Ṣé oògùn tí wọn ò lò pé la wá ń fi òmíì kún?

Kò pa oògùn òyìnbó tì o, ó ní ká yẹ ẹ̀jẹ̀ àtìtọ̀ wò torí kíndìnrín, ó kọ amlodipine tó dínwó fún wọn. Kò ní kí Ìjẹ̀ṣà má jẹ iyán, ọbẹ̀ ló bá wí, iyọ̀ àti Maggi inú ẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n padà sẹ́gbẹ́ ìyá ìjọ tí wọ́n ti pa tì.

Dókítà George Engel ará Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 1977 pé ara, ọkàn àti àwùjọ tónítọ̀hún ń gbé ni kí dókítà jọ máa wò, àmọ́ Dókítà Lambo tiwa, oníṣègùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ nílé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Abẹ́òkúta ní 1954, aláìsàn ọpọlọ ń gbé lábúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí ẹ̀, àwọn adáhunṣe sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Inú mi dùn pé mo fojú ara mi rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ibi tí wọ́n kù sí: ẹ máa pẹ́ níbẹ̀ gan-an torí kì í kánjú lórí ẹnikẹ́ni, bẹ́ńṣì ìta ò sì tó, àwọn àgbàlagbà ń wà lórí ìdúró, kò dáa rárá, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i. Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Bípí màámi ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tètè dé láàárọ̀, kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò sínú ọ̀rá dání, àtìgò àgbo, ó máa ní òun fẹ́ rí i.