MikroTik hAP lite fún ọ́fíìsì kékeré

Bí owó kò bá pọ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì ń wá ráútà tí yóò pín íntánẹ́ẹ̀tì fún èèyàn bíi mẹ́wàá, hAP lite yìí dára gan-an. Ihò wáyà mẹ́rin ló ní. Wi-Fi rẹ̀ jẹ́ 2.4 GHz nìkan. Iná 5V ló ń lò láti ẹnu micro-USB, nítorí náà power bank lè gbé e dúró bí NEPA bá mú iná lọ.

Ẹ ki wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bọ ihò 1, kọ̀ǹpútà bọ ihò 2, kí ẹ ṣí 192.168.88.1 nínú browser; ibẹ̀ ni ojú ìwé ètò ráútà náà wà. Ẹ kọ́kọ́ yí password padà.

Simple Queue, ìyẹn ètò tí a fi ń pín ìyára íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 3M (3 Mbps), síbẹ̀ ẹyọ ẹnì kan á máa fa gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì náà tán. FastTrack, ọ̀nà àbùjá tí ráútà fi ń mú kí dátà yára kọjá, ló fà á. Kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dátà gba ọ̀dọ̀ queue kọjá. Ẹ wọ IP, Firewall, Filter Rules, kí ẹ pa òfin FastTrack, lẹ́yìn náà kí ẹ pa ráútà, kí ẹ tún un tàn. Iṣẹ́ CPU á pọ̀ sí i, àmọ́ kò ní sẹ́ni tó máa kọjá ìpín rẹ̀ mọ́.

Àléébù ńlá kan: ihò kọ̀ọ̀kan kò kọjá 100 Mbps. Ẹni tó ń sanwó fáíbà 200 Mbps, kó ra òmíràn.