Àwọ̀ Òkúta Quartz fún Káńtà Ilé Ìdáná: Iye Tí Wọ́n Pe Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún Wa àti Ohun Tí Ó Fà Á

Ó ti tó oṣù mẹ́rìnlá báyìí tí a ti fi òkúta quartz rọ́pò fọ́máíkà àtijọ́ tó wà lórí káńtà ilé ìdáná wa ní ìlú Houston, mo sì rò pé àkókò ti tó láti sọ ohun tí ojú mi rí, pàápàá jù lọ lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti owó. Nígbà tí a ń múra, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi gbogbo ẹni tí mo bá bá pàdé: àwọ̀ wo ni ó wọ́n jù, èwo ni kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n? Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kò bára mu rárá. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àwọ̀ gan-an ni a ń san owó gọbọi lé lórí. Ìlà tó wà lára òkúta náà ni, àti bí ìlà yẹn ṣe ń mú kí wọ́n gé òkúta dànù.

Ilé ìdáná wa kò tóbi. Káńtà ẹ̀gbẹ́ ògiri méjì tó pàdé ní igun ni, pẹ̀lú káńtà kékeré kan láàárín. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 52. Iye tí mo fẹ́ kọ yìí wà fún òkúta tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, owó gígé àti owó gbígbé e kalẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí a padà rajà lọ́wọ́ rẹ̀ pe aláwọ̀ eérú tó ní tótòtó wínníwínní lára ní dọ́là 58 fún ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan, ó pe funfun tí kò ní ìlà kankan ní dọ́là 60, dúdú tí ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí ẹni pé wọ́n fọ́n dígí lílọ̀ sí i ní dọ́là 67, àti funfun tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ní dọ́là 70. Funfun tó ní ìlà ńláńlá, irú èyí tó ń fara wé mábù Calacatta tí wọ́n ń wà ní agbègbè Carrara ní Ítálì, dọ́là 89 ni. Lílu ihò síńkì àti kíkó fọ́máíkà kúrò jẹ́ dọ́là 450, àwọ̀ yòówù kí a mú.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi, mo ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òkúta náà. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wà lódindi láti inú ilẹ̀ bíi gíráníìtì. Wọ́n ń lọ òkúta quartz, wọ́n ń fi àtè oníke àti èròjà àwọ̀ pò ó, wọ́n ń kì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi ooru mú un le, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òkúta gan-an. Ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ Caesarstone tó bẹ̀rẹ̀ ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1987, ìbáà jẹ́ Silestone ti Sípéènì tàbí Cambria ti Minnesota níhìn-ín, ọ̀nà kan náà ni. Nítorí náà, àwọ̀ tó rí bákan náà látòkèdélẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀ nínú. Eérú rọrùn jù lọ torí pé ó ń bo àbùkù òkúta tí wọ́n lọ̀. Funfun gbàǹgbà ń béèrè òkúta tó mọ́, nítorí pé irin díẹ̀ tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mú kí ó pọ́n bíi eyín àgbà. Ṣùgbọ́n òkúta onílà ńlá yàtọ̀. Ọwọ́ ènìyàn tàbí apá ẹ̀rọ ni yóò fa ìlà yẹn sínú òkúta kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ yẹn sì ni a ń san owó rẹ̀.

Dọ́là 89 yẹn kò tilẹ̀ sọ gbogbo òtítọ́. Odindi òkúta quartz kan máa ń jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 120 ní gígùn àti 55 ní fífẹ̀, àwọn tó tóbi sì máa ń tó 130 sí 65. Bí òkúta náà kò bá ní ìlà, ẹni tó ń gé e lè yí i sí ibi tó bá wù ú, kí ó gé ẹyọ kan ní ìbú, kí ó gé òmíràn ní òró, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Òkúta onílà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìlà gbọ́dọ̀ kọrí sí ọ̀nà kan náà lórí gbogbo káńtà, ó sì yẹ kí èyí tó wà ní apá ọ̀tún oríkèé, ìyẹn ibi tí ẹyọ òkúta méjì ti pàdé, bá èyí tó wà ní apá òsì mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú yóò máa rí i lójoojúmọ́ bí aṣọ tí télọ̀ rán tí àwòrán rẹ̀ kò pàdé. Nígbà tí wọ́n to káńtà wa sórí àwòrán òkúta náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 66 ni wọ́n ní a gbọ́dọ̀ sanwó fún, kì í ṣe 52. Bí owó ṣe kúrò ní dọ́là 4,628 tí mo ti kọ sínú ìwé mi nìyẹn, tó di 5,874. Funfun tí kò ní ìlà ṣì wà ní 3,120. Ẹni tó bá ń fi iye ẹsẹ̀ bàtà kan wé òmíràn kò tíì fi owó wé owó, nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ àpapọ̀ owó fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti to káńtà yín sórí òkúta náà tán.

Ohun kan tún wà tí mo rí ní ilé ìkẹ́rùsí ṣọ́ọ̀bù kejì. Wọ́n ní àwọn ní onílà ńlá ní dọ́là 64, inú mi sì dùn púpọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo etí òkúta náà níbi tí wọ́n ti gé e. Ìlà aláwọ̀ eérú tó fẹ̀ tó ìka méjì lójú òkúta dópin gẹ́lẹ́ ní etí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ funfun lásán ni. Ojú nìkan ni wọ́n tẹ ìlà náà sí. Níbi tí síńkì bá wà, àti ní gbogbo etí káńtà, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò máa rí i pé ìlà náà kò wọnú. Mo ka èyí sí àbùkù tó tóbi, ẹni tó ń tà á kò sì sọ ọ́ títí mo fi béèrè.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ dúdú. Màmá gbà pé dúdú kì í fi ìdọ̀tí hàn, mo sì bọ̀wọ̀ fún èrò wọn débi pé mo ra àgékù dúdú kan ní dọ́là 180 fún ilé ìwẹ̀ kí a lè fi dán an wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìka gbogbo wa ti wà lára rẹ̀. Ẹ̀kán omi tó bá gbẹ síbẹ̀ máa ń fi òrùka funfun sílẹ̀, nígbà tí mo sì gbé abọ́ gàrí lé e lẹ́ẹ̀kan péré, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ hàn kedere bí ẹfun. Màmá fúnra wọn ló ní kí a má fi sí ilé ìdáná.

Mo tún gba àpẹẹrẹ kéékèèké àwọ̀ mẹ́rin wálé. Mo fi epo pupa, omi zobo àti kọ́rì tí mo fi omi pò sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di òwúrọ̀. Epo àti zobo fi ọṣẹ lọ pátápátá. Kọ́rì fi àbàwọ́n ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lára funfun tí kò ní ìlà, èyí tó gba pé kí n fi omi onísódà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lára aláwọ̀ eérú àti funfun onílà tẹ́ẹ́rẹ́, ojú kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ti ìkòkò gbígbóná, kò sí àwọ̀ tó yọ nínú rẹ̀: àtè inú òkúta yìí kò lè fara da ooru tó bá ju nǹkan bíi 150°C lọ, nítorí náà ìkòkò àmàlà kì í kúrò lórí iná bọ́ sórí káńtà wa láìsí pákó lábẹ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta pe owó tó kéré jù lọ lórí gbogbo àwọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní inú àgbàlá wa ni àwọn yóò ti gé òkúta náà, láìlo omi. Mo kọ̀ jálẹ̀. Eruku òkúta yìí máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gé e jẹ́, àìsàn náà kò sì gbóògùn. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ìjọba Ọsirélíà fòfin de quartz àtọwọ́dá láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024. N kò lè dín owó mi kù lórí ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Ibi tí òkúta ti wá náà wà lára ohun tó ń sọ owó rẹ̀, torí pé Amẹ́ríkà ti fi owó orí kún ti Ṣáínà láti ọdún 2019, ó sì fi kún ti Íńdíà àti ti Tọ́kì ní ọdún 2020, nítorí bẹ́ẹ̀, funfun méjì tó jọra lè yàtọ̀ síra ní iye.

Funfun onílà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a mú nígbẹ̀yìn. Ìlà rẹ̀ kéré débi pé wọ́n lè yí i bó ṣe wù wọ́n, nítorí náà ẹsẹ̀ bàtà 52 náà ni a san owó rẹ̀: dọ́là 3,640, pẹ̀lú 450 ti iṣẹ́ yòókù, gbogbo rẹ̀ di 4,090. Àbùkù tí mo ní láti sọ ni pé òkúta kejì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé wọn kò ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ mi rí i kí wọ́n tó gé e, ó ní kí wọ́n gbé e padà, a sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láìní síńkì. Èyí tí wọ́n mú wá lẹ́yìn náà bá ti àkọ́kọ́ mu. Oríkèé kan ṣoṣo ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì. Bí mo bá fi èékánná fà á, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n àwọn àlejò tó ń fi ọwọ́ ti káńtà náà kò tíì rí i.