Hámọ́kì olówùú lábẹ́ igi lóko: bó ṣe rí lójú mi

Nínú ilé oko, ẹni tó bá jókòó lásán nígbà ooru, iṣẹ́ ló ń wá. Bí ìdí yín bá ṣe kan àga báyìí ni ẹnì kan á pè yín: ewúrẹ́ ti já okùn, omi ti tán nínú ọpọ́n àwọn adìyẹ. Ìdí tí mo fi ra hámọ́kì nìyẹn, aṣọ gbọọrọ tí à ń so sáàárín igi méjì kí èèyàn lè nà sínú ẹ̀. Ẹni tó bá wà níbẹ̀, tọmọdé tàgbà ló rí i pé ó ń sinmi, wọn kì í sì í tètè pè é. Ìyẹn nìkan ti tó owó tí mo san.

Òwú ni tèmi, kò sì ní ọ̀pá igi tí wọ́n fi ń na orí àti ìdí rẹ̀ kó lè fẹ̀. Àwọn tó ní igi yẹn rẹwà lójú, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá gba ẹ̀gbẹ́ kan gùn ún, ilẹ̀ ló máa bá ara ẹ̀. Èyí tí kò ní igi máa ń gbá èèyàn mọ́ra. Ẹ má kàn nà gbalaja sí àárín ẹ̀ o. Ẹ dùbúlẹ̀ ní ìdábùú díẹ̀, kí orí wà lápá kan, kí ẹsẹ̀ wà lápá kejì, ẹ̀yìn yín á tẹ́ dáadáa. Ìyá ọkọ mi, tó kọ́kọ́ ní òun ò ní gun ohun tó ń fì, ló ń gbà á lọ́wọ́ wa lọ́sàn-án báyìí. Dídìde ló kù tí wọ́n ń pe ọmọ-ọmọ sí.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Kàríbíánì ti ń sùn sínú ẹ̀ kí àwọn ará Yúróòpù tó gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní 1492. Wọ́n mọ ooru: afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ẹ̀yìn ẹni kọjá, èyí tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ti fífì ẹ̀ ńkọ́? Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Geneva fi ọkùnrin 12 sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń mì jẹ́jẹ́, oorun sì tètè gbé wọn ju ti orí èyí tó dúró lọ. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ jòjòló mì títí tó fi sùn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Okùn tó bá a wá ni mi ò fẹ́ràn rárá. Ó tín-ín-rín, ó sì ń jẹ èèpo igi, bẹ́ẹ̀ abẹ́ èèpo yẹn ni oúnjẹ igi ń gbà kọjá. Ewúrẹ́ la fi ń so báyìí. Ẹ ra bẹ́líìtì tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kí ẹ má sì fà á le. Bí bẹ́líìtì bá dà gẹ̀rẹ́ ní dígírì 30, agbára tó ń fa ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ìwúwo ẹni tó wà nínú ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fà á le tó fi ku dígírì 10, agbára yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, àwọn ọmọ kì í sì í gun nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó rọ̀ wálẹ̀ jù kò gbọ́dọ̀ ga ju ìjókòó àga lọ.

Òwú máa ń pẹ́ kó tó gbẹ. Bí ìrì bá ń pa á mọ́jú, á bu, á sì jẹrà, nítorí náà àbíkẹ́yìn wa ló ń ká a wọlé nírọ̀lẹ́, tó bá rántí. Ọ̀rá ń yára gbẹ, àmọ́ ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara tó bá làágùn.

Bí mo bá tún máa ra òmíràn, èyí tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì ni, torí fífẹ̀ ẹ̀ ló ń jẹ́ kéèyàn lè sùn ní ìdábùú. Kì í ṣe pé èmi àti bàálé mi fẹ́ jọ sùn níbẹ̀. A ti dán ìyẹn wò, àárín la jọ ń yí bọ́ sí.